Fíìmù Kòríà Tí Mo Kà fún Màámi

Èmi ni mo máa ń ka fíìmù fún màámi. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á dún bákan létí ẹlòmíì, nítorí wíwò ni gbogbo ayé ń wo fíìmù, wọn kì í kà á. Ṣùgbọ́n fíìmù àwọn ará Kòríà, Jàpáànì àti Ṣáínà ni èmi àti màámi yàn láàyò, àwa méjèèjì ò sì gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wọn. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ là ń tẹ̀ lé. Nígbà tí awọ funfun wá ń bo ojú màámi, tí wọ́n ń rí èèyàn ṣùgbọ́n tí wọn ò rí lẹ́tà mọ́, mo fa àga mi sún mọ́ tiwọn ní pálọ̀ wa ní Bódìjà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá ka ohun tó wà nísàlẹ̀ náà sí wọn létí.

Màámi ti fẹ́ràn fíìmù tipẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́mọge, bàbá mi ló máa ń mú wọn lọ sílé sinimá kan ní Dùgbẹ̀ lọ wo àwọn ará Ṣáínà tó ń fò látorí òrùlé dé orí òrùlé, tí wọ́n ń fi ìka méjì gbá ọfà mú. Ìjà ni bàbá mi ń bá lọ. Màámi ní ní tàwọn, ibi táwọn jagunjagun náà bá ti jókòó mu tíì kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ ni àwọn fẹ́ràn jù, nítorí ibẹ̀ lèèyàn ti ń mọ ẹni tó níwà nínú wọn. Bàbá mi ti kú, wọ́n sì ti sọ ilé sinimá náà di nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n màámi ò yí padà. Fíìmù tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ bá ti ń jẹun pọ̀, tí wọ́n sì dákẹ́, a jẹ́ pé tiwọn ló dé yẹn.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Agbowó, tó ń kó fíìmù sórí fláàṣì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ni mo ti ń rí wọn. Ó máa ń wò mí bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. "Màdáámù, kò sí ìjà nínú eléyìí o," ni yóò wí. Màá ní kó bá mi kó o síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Báyìí ni mo ṣe rí ti ọkùnrin ará Jàpáànì kan tó ń tún agbòjò ṣe, tó ń di oúnjẹ ọ̀sán fún ọmọbìnrin rẹ̀ lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ò bá a sọ̀rọ̀. Fíìmù náà gùn, kò sì sí nǹkan gbòógì tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ju pé lọ́jọ́ kan, ọmọ náà fọ abọ́ oúnjẹ rẹ̀ kó tó gbé e padà wálé. Màámi pàtẹ́wọ́. Mo tún rí ti tọkọtaya ará Ṣáínà kan tó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wo ọmọ wọn lábúlé, tí ọmọ náà sá sẹ́yìn ìyá àgbà nítorí kò dá wọn mọ̀. Ìyẹn pa wá lẹ́kún débi pé ìrẹsì jóná mọ́ wa lórí iná.

Mo gbádùn iṣẹ́ kíkà yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Tí ọmọ kan bá tẹrí ba fún bàbá rẹ̀ nínú fíìmù, Gẹ̀ẹ́sì á kọ ọ́ bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n èmi ti rí bó ṣe tẹrí ba, màá sì kà á pé, "Ẹ káàbọ̀ sà, ṣé ẹ ti jẹun?" Ọ̀wọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì jù nù lọ́nà, èmi á bá wọn ṣà á padà. Màámi ṣe tíṣà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọn ò sì tíì fẹ̀yìn tì lọ́dọ̀ tèmi. "O ò rí i pé wọ́n kọ́ ọmọ náà nílé," ni wọ́n máa ń sọ, tí wọ́n á máa wò mí látẹ̀gbẹ́ ojú. Tí Yorùbá mi bá sì wọ́, wọ́n á ní kí n tún un sọ.

Ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí ọ̀rọ̀ po. Tí ọkùnrin àti obìnrin bá ń fẹnu kora lẹ́nu, tí màámi bi mí pé kí ni wọ́n ń ṣe tí wọ́n fi dákẹ́, màá ní wọ́n ń dágbére fúnra wọn ni. Èébú tó bá le, mo máa ń fò ó. Lọ́jọ́ tí ajá kan kú nínú fíìmù Kòríà kan, màámi bèèrè ajá náà títí, mo sì ní wọ́n ti gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n wọn lábúlé kó lè rí ibi sáré. Inú wọn dùn, èmi náà rẹ́rìn-ín sínú. Mi ò kà á sí irọ́ nígbà yẹn. Ìtọ́jú ni mo kà á sí.

Ojú wọn ń burú sí i. Dókítà tó ń wò wọ́n sọ pé iṣẹ́ abẹ ló kù, pé wọ́n á yọ awọ náà kúrò, ojú á sì mọ́lẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá ṣe ń fi falẹ̀ tó ni iṣẹ́ náà á ṣe máa le tó. Màámi ò gbà. Ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọ́n jọ ṣe tíṣà ti ṣe irú rẹ̀ nígbà kan, ojú náà sì fọ́ pátápátá. Ohun tí màámi máa ń rántí ni bí obìnrin náà ṣe ń fọwọ́ wá ife tíì tó wà níwájú rẹ̀ gan-an. "Ìwọ̀nba èyí tí mo ní yìí, mo ṣì ń fi rí òjìji rẹ," ni wọ́n máa ń wí. "Mi ò ní fi ta tẹ́tẹ́." Mo bẹ̀ wọ́n títí. Mo tún bínú sí wọn, nítorí inú mi kì í pẹ́ ru. Mo ní ṣé wọ́n fẹ́ kí n máa mú wọn lọ́wọ́ lọ sí balùwẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wọ́n wọra.

Ọ̀sán Sátidé kan ni mo wá fi fíìmù Kòríà kan sí tẹlifíṣọ̀n, lẹ́yìn tí wọ́n kírun alásárì tán. Mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìtàn ìyá arúgbó kan ni, ní erékùṣù kan ní Kòríà. Ewé inú òkun ló ń kó, tó ń sá a sórí okùn bí ẹni ń sá aṣọ, títí tí yóò fi gbẹ. Ojú rẹ̀ ń ṣú. Ó ń kó ewé tútù mọ́ ewé gbígbẹ, ó ń fi ẹnì kan pe ẹlòmíì, ó sì ń díbọ́n pé òun mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni. Màámi jókòó dáadáa lórí àga wọn. "Irú tèmi rèé," ni wọ́n wí. Àwọn ọmọ ìyá náà wá láti mú un lọ sí ìlú ńlá fún iṣẹ́ abẹ. Ó kọ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bínú, wọ́n tún bẹ̀ ẹ́. Ó gbà. Títí débẹ̀, bó ṣe wà gẹ́lẹ́ ni mo kà á. Màámi ti di apá àga mú.

Dókítà inú fíìmù tú bándéèjì. Ìyá náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì bèèrè pé kí ló dé tí wọn ò tíì tan iná. Àwọn ọmọ wo ojú ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní iná ti wà ní títàn. Ó wà nísàlẹ̀ gbàǹgbà, ní lẹ́tà funfun.

"Kí ló wí?" ni màámi bi mí. "Ṣé ó ti rí i?" Wọ́n ti yíjú sí mi, ojú tí awọ ti bò yẹn ń wá ẹnu mi. Mi ò dúró rò ó. Mo ní, "Ó ní iná náà mọ́lẹ̀ jù, kí wọ́n bá òun dín in kù."

Màámi mí kanlẹ̀. "Alihamudulilahi," ni wọ́n wí, bí ẹni pé àbúrò wọn ni obìnrin náà.

Mo rò pé ó ti parí, àṣé iṣẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Fíìmù náà ṣì kù púpọ̀, gbogbo ìyókù rẹ̀ sì ni bí ìyá náà ṣe padà sí erékùṣù rẹ̀, tó ń fi ọwọ́ lásán kọ́ iṣẹ́ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní láti wá ìtàn mìíràn fún gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó ń fọwọ́ tọ́ ògiri lọ, màámi rí òjìji rẹ̀, wọ́n ní kí ló ń wá lára ògiri. Mo ní àwọn ọmọ rẹ̀ kun ilé náà kó tó dé ni, ó ń wò ó bóyá ọ̀dà ti gbẹ. Nígbà tó jókòó létí omi tó ń sunkún, mo ní ó rántí ọkọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ kúnlẹ̀ tí wọ́n ń tọrọ àforíjì, mo ní wọ́n ń kí i kú ewu. Ahọ́n mi yọ̀ bí ọṣẹ lọ́jọ́ yẹn.

Mo ti wo fíìmù náà lẹ́yìn ìgbà náà, èmi nìkan. Nínú gbogbo èyí tí mo ti rí látọ̀dọ̀ àwọn èèyàn yẹn, òun ló dára jù. Ìyá náà ò ríran mọ́, ṣùgbọ́n ó wá mọ ewé tó ti gbẹ nípa ìró tó ń dún nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, ó sì pe ọmọ tó bẹ̀ ẹ́ jù, ó ní kó jókòó ti òun kó gbọ́ ọ pẹ̀lú òun. Ibi tó dùn jù nínú fíìmù náà nìyẹn. Mo fi du màámi.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, wọ́n ní kí n pe dókítà. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó jókòó, ó ṣàlàyé dáadáa, ó ní iṣẹ́ abẹ yìí sábà máa ń yọrí sí rere ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ewu ò sí nínú rẹ̀ rárá. Màámi rẹ́rìn-ín. "Dókítà, mo ti rí i nínú fíìmù," ni wọ́n wí. "Ìyá arúgbó kan ní Kòríà ṣe é. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀." Dókítà náà rẹ́rìn-ín. Bàtà mi ni èmi ń wò.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ojú àkọ́kọ́, mo jókòó síta, mo ń ṣe gbogbo àdúà tí mo mọ̀. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ kó jẹ́ irọ́ mi ló máa fọ́ ìyá mi lójú. Ìgbà yẹn ni ohun tí mo ṣe tó yé mi. Bí ojú yẹn bá fọ́, kì í ṣe àwọn ló yàn án. Èmi ni mo bá wọn yàn án, tí mi ò sì sọ fún wọn. Obìnrin tó jókòó tì mí wò mí, ó bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ojú náà là. Wọ́n tú bándéèjì, màámi wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní mo ti ń hewú, pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń ka nǹkan kiri. Wọ́n ka ara páálí oògùn, wọ́n ka kàlẹ́ńdà, wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọkọ̀ èrò títí a fi délé. Inú mi dùn, irọ́ ni màá tún pa bí mo bá ní kò dùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń kà á ni àyà mi ń já.

Màámi ń sọ ìtàn ìyá Kòríà náà fún gbogbo ẹni tó bá wá kí wọn, títí kan ọ̀rọ̀ ọ̀dà ara ògiri. Ẹni tí wọ́n dìídì fẹ́ kó gbọ́ ni àbúrò wọn tí à ń pè ní Màmá Òkè Àdó, tí ojú tiwọn náà ti ń ṣe bàìbàì, tí wọ́n sì kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn ò ní jẹ́ kí abẹ kan ojú àwọn. Màámi ní àfi kó wá wo fíìmù náà, pé àwọn fúnra àwọn ni àwọn máa kà á fún un. Wọ́n bi mí léèrè fláàṣì. Mo ní ó ti bàjẹ́. Inú báàgì mi ló wà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti kú síbẹ̀, mo gbàgbé pé ẹni tó ti ń ríran ò nílò mi mọ́ kó tó jáde nílé.

Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n wọ mọ́tò lọ sí Agbowó. Wọ́n bá ọkùnrin oní fláàṣì, wọ́n ní fíìmù ìyá tó ń sá ewé òkun ni àwọn ń wá, ó sì mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí kò sí oníbàárà mìíràn tó ń wo irú rẹ̀ àfi èmi.

Lọ́jọ́ náà, mo dé láti ibi iṣẹ́ mi ní Ring Road, ooru àti ariwo ọ̀nà Ṣàngó ṣì wà lára mi. Mo gbọ́ ohùn màámi kí n tó rí wọn. Ohùn tíṣà ni wọ́n fi ń kà á, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n ń dúró níbi tó yẹ kí wọ́n dúró. Màmá Òkè Àdó jókòó síbi tí màámi máa ń jókòó, màámi wà lórí àga tèmi. Nínú tẹlifíṣọ̀n, dókítà ti ń tú bándéèjì. Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n pariwo pé nǹkan ń jóná ní kíṣìnnì. Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n yọ wáyà kúrò lára ògiri. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá náà ní," ni màámi kà, "kí ló dé tí ẹ ò tíì tan iná?" Wọ́n sún síwájú lórí àga. Ẹlòmíì ì bá dá fíìmù náà dúró, ṣùgbọ́n màámi kì í fi ìwé sílẹ̀ lágbede méjì. "Ọmọ rẹ̀ ní, iná ti wà ní títàn, ìyá."

"Àǹtí mi," ni Màmá Òkè Àdó wí, "ṣebí ẹ ní ó ríran?"

"Bí wọ́n ṣe kà á fún mi nìyẹn," ni màámi dáhùn.

Wọn ò yíjú wò mí, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ pé mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ka gbogbo ìyókù rẹ̀ dópin, ẹkún etí omi, ìkúnlẹ̀ àwọn ọmọ, gbogbo rẹ̀, wọn ò fo ìkankan. Nígbà tí ìyá náà ń fọwọ́ tọ́ ògiri, tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan nísàlẹ̀, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún àbúrò wọn: "Wọn ò kọ nǹkan kan síbí."

Nígbà tó parí, Màmá Òkè Àdó ń wá ìborùn wọn. Màámi na ìka sí ojú wọn tó ti là. "Wo tèmi," ni wọ́n wí. "Eléyìí kì í ṣe fíìmù." Àbúrò wọn mi orí. "Tiyín ni tiyín, Àǹtí mi. Màá rò ó." Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, wọn ò tíì rò ó tán, bàìbàì náà sì ń pọ̀ sí i. Ìyẹn náà wà lọ́rùn mi.

Mo kúnlẹ̀ fún màámi lẹ́yìn tó ṣẹ́ ku àwa méjì. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Nítorí yín ni mo ṣe ṣe é. Ẹ sáà wo bí ẹ ṣe ń ríran." Mo gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dún lẹ́nu mi, ojú tì mí.

"Mo ń ríran," ni wọ́n wí. Wọn ò pariwo. Ì bá sàn fún mi bí wọ́n bá pariwo. "Ṣé o mọ̀ pé láti kékeré ni mo ti jẹ́ ojo? Bàbá rẹ mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí mo wọlé lọ ṣe ojú yìí, mo ní ó tán, mo ti láyà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Mo fi ń yangàn fáwọn èèyàn. Àṣé mi ò mọ ibi tí mo ń lọ. Bóo bá kà á bó ṣe wà, bóyá mi ò ní lọ. Bóyá mo sì máa lọ bẹ́ẹ̀ náà. O ò jẹ́ kí n mọ̀."

Ohun tó tún ń dá mi lẹ́bi jù ni pé bí wọ́n bá dá mi padà sí ọ̀sán Sátidé yẹn, tí ojú yẹn tún ń wá ẹnu mi, kò dá mi lójú pé màá kà á bó ṣe wà. Mi ò sọ ìyẹn fún màámi. A ṣì ń wo fíìmù wa, ti Jàpáànì, ti Ṣáínà, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ojú wọn kan tó ti là ka tiwọn, èmi ń ka tèmi, pálọ̀ á sì dákẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni a padà sọ́dọ̀ dókítà nítorí ojú kejì. Mo dìde láti bá wọn wọlé bí mo ṣe máa ń ṣe. Màámi gbọ́wọ́ lé mi léjìká. "Jókòó," ni wọ́n wí. "Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ gbọ́ ọ." Kí ilẹ̀kùn tó pa dé, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, "Dókítà, ẹ sọ gbogbo ibi tó lè burú dé fún mi. Ẹ má fo ìkankan."

Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, ojú wọn ti yí padà, ẹ̀rù hàn níbẹ̀ kedere. "Mo ti gbọ́ ọ," ni wọ́n wí. "Mo máa ṣe é." Mo bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni, kí n lè gba àyè níbi iṣẹ́. Wọ́n ní kí n má ṣe ìyọnu, àbúrò àwọn ló máa sin àwọn wá.

Mo ní, "Màámi, Màmá Òkè Àdó ò kúkú ríran dáadáa."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Ìwọ̀nba tó bá rí, á sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí i."